Kòkó tí Mo Gbìn sí Gbàgede

Ẹ má tíì dá mi lóhùn, Bàbá Oyèkúnlé, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì sọ nǹkan kan, torí tí ẹ bá la ẹnu báyìí, ẹ̀rín ló máa gbà mí lọ́wọ́ ara mi, mi ò sì ní lè ro ẹjọ́ mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ni mo wá rò, ẹjọ́ gidi, ẹjọ́ tó yẹ kí n máa fi ẹkún rò! Wọ́n lé mi, Bàbá! Wọ́n lé mi kúrò lórí ilẹ̀ tòun ti gbogbo ohun tí mo gbìn síbẹ̀! Rárá o, kì í ṣe ilẹ̀ tiyín, ẹ jókòó, ẹ jókòó, ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa lé mi lórí ilẹ̀ yín nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà láyé? Gbàgede ni. Gbàgede ló lé mi. Áà, kì í ṣe ewúrẹ́ yìí! Ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀, mo ti so ó mọ́ ìdí ọsàn yín níbẹ̀ yẹn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń jẹ́ Gbàgede lásán ni. Gbàgede inú fóònù ni mò ń wí.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Láti ìgbà tí ẹ ti fún èmi Lìádì nílẹ̀ dá oko ní abúlé yìí, ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn mi rí? Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ó dàárọ̀, ó parí. Káàkiri Akínyẹlé ni wọ́n ti ń pè mí wá kọ ebè, wọ́n á ní ẹni tó bá gba Lìádì síṣẹ́, ọkọ́ tí kò lẹ́nu ló gbà. Mùjíbátù ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ọkọ lòun rò pé òun fẹ́, àṣé ògiri ni. Ẹ wá wo ẹnu mi lónìí! Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń ṣàn? Gbàgede ló la ẹnu ọ̀hún, òun náà ló tún fẹ́ pa á dé, kò sì lè pa á dé mọ́, ó ti bọ́!

Ẹ ní kí ni Gbàgede? Ẹ bi mí dáadáa. Ibi tí èèyàn ti ń kọ̀wé fún aráyé lórí fóònù ni. Ẹ wò ó bíi pé ẹnì kan ní pápá ńlá kan, kò mọ ògiri sí i, kò fi ìlẹ̀kùn sí i, ó ní kí gbogbo ayé máa wọlé bọ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí kálukú mú ibi tó bá wù ú, kó máa sọ ohun tó mọ̀, kí ará Èkó àti ará Lọ́ńdọ̀nù máa kà á. Ọ̀fẹ́, Bàbá! Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló yẹ kó lé mi sá? Ta ló ń fún èèyàn nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Hasanat ló mú mi débẹ̀, mo ti dárí jì í. Hasanat, ọmọbìnrin tó ń ta ọkọ́ àti àdá àti bàtà rọ́bà ní Ṣáṣá, tó tún ń tà wọ́n lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀dá Lìádì, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ́ lò bíi tiyín. Ẹ máa kọ ọ́ sí Gbàgede bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹ fi línkì ìsọ̀ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ojú línkì yẹn wọlé wá rajà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán an wá, làádá yín ń bẹ níbẹ̀." Mo ní èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́rin? Ó ní ìwé mélòó ni ọkọ́ kà? Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbà.

Mo kọ ọ́, Bàbá! Mo kọ bí èèyàn ṣe ń di ọkọ́ mú tí ìbàdí ò fi ní máa dùn ún. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n àdá. Mo kọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ sálúbàtà lọ ro ibi tí ejò pọ̀ sí, mo fi línkì bàtà rọ́bà Hasanat sídìí rẹ̀, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ra bàtà! Àwọn ẹni ẹlẹ́ni tí mi ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ọ̀gá Elébè. Ọ̀gá! Èmi! Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sanmí, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé, ó ní òun gbin iṣu sínú garawa. Inú garawa, Bàbá! Mo kọ̀wé padà sí i, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ fẹ́ fi iṣu wẹ̀ ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí láàárín ebè, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń wò mí, wọ́n rò pé oòrùn ti mú mi lórí.

Ẹ ń fi fìlà bojú. Mo rí yín o. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì débẹ̀.

Ìyá kan wà ní Adégbayì, Ànúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, ó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn! Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó ní ìbéèrè. Tí mo bá dáhùn, ó ní àríyànjiyàn. Ó ní kí ló dé tí iṣu òun tínrín bí ìka ọwọ́. Mo ní torí pé ebè yín pẹlẹbẹ bí àwo ọbẹ̀ ni. Ó ní òun ò bú èmi o, kí èmi náà má bú òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi àti ẹ̀ la jọ gbin iṣu ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi ń fi ẹnu kọ ebè láti ibí, òun ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lọ́hùn-ún, a kì í dákẹ́. Mùjíbátù á jókòó tì mí, á ní, "Bàbá ilé, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ṣé obìnrin ni?" Mo ní iṣu ni. Ó ní iṣu wo ló ń pa ọkùnrin lẹ́rìn-ín báyìí?

Ṣé ẹ rí i pé ayé mi ti dùn? Ó dùn débi pé mo yájú. Mo sọ fún àwọn ará Lágelú tí mo máa ń bá kọ ebè lọ́dọọdún pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri ilé mi gàdàgbà gadagba pé LÌÁDÌ ELÉBÈ, Ẹ WÁ MI SÍ GBÀGEDE. Mo fi làádá ra ewúrẹ́, mo sọ ewúrẹ́ ní Gbàgede! Ní báyìí, tí àlejò bá kọjá, tó ka ara ògiri, tó bi àwọn aládùúgbò pé níbo ni Gbàgede, ewúrẹ́ ni wọ́n ń nàka sí. Wọ́n ní òun nìyẹn, ó ń jẹ èèpo iṣu.

Mùjíbátù kìlọ̀ fún mi. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kìlọ̀. Ó ní, "Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn yìí." Mo ní kí n fi ṣe kí ni? Tí mo bá ṣí Gbàgede láàárọ̀, wọ́n wà níbẹ̀, tí mo bá ṣí i nírọ̀lẹ́, wọ́n wà níbẹ̀, ta ló ń gba nọ́ńbà ẹni tó ń rí lójoojúmọ́? Ṣé èèyàn máa ń gba nọ́ńbà àwọn tó ń bá a kírun ní mọ́ṣáláṣí ni? Ó wò mí, ó ní, "Ọlọ́run ló ni mọ́ṣáláṣí. Ta ló ni Gbàgede?"

Ta ló ni Gbàgede! Mo ní kó lọ bu omi wá fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fún mi ní ilẹ̀ yìí. Ibi yìí náà la jókòó sí. Mo gbé iṣu ìṣákọ́lẹ̀ wá, ẹ bu iyọ̀ sẹ́nu, ẹ ní, "Lìádì, àgbàdo, gbìn ín. Ẹ̀gẹ́, gbìn ín. Iṣu, ẹ̀wà, ata, ohunkóhun tó bá máa wá tó sì máa lọ, gbìn ín. Àmọ́ mi ò gbọdọ̀ rí kòkó. Mi ò gbọdọ̀ rí obì. Mi ò gbọdọ̀ rí ọ̀pẹ tí o fọwọ́ ara rẹ gbìn." Ẹ ní igi tí àlejò gbìn sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ìjà tí kò tíì gbó ni. Ṣé mo pa òfin yẹn mọ́ àbí mi ò pa á mọ́? Ẹ lọ wo oko! Ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré yẹn, ẹyẹ ló gbìn ín, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, ẹyẹ ni! Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo mú àdá lọ bá a, tí mo tún bojú wo èso rẹ̀, tí mo padà.

Èmi yìí kan náà, tí mi ò lè gbin igi kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ èèyàn tí mo mọ̀, tí mo mọ ilé rẹ̀, tí mo mọ ìjọ tó ń lọ, èmi lọ sórí ilẹ̀ ẹni tí mi ò mọ orí tí mi ò mọ ìrù rẹ̀, mo lọ gbin kòkó síbẹ̀! Kòkó, Bàbá! Gbogbo ohun tí mo mọ̀, gbogbo èèyàn mi, ẹnu mi pátá, mo rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń dúró kó so! Họ́wù! Ṣé wọ́n ń fi orí mi gún iyán nígbà yẹn ni?

Wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ rọra tì mí. Màá kọ̀wé, àwọn tó ń kà á á dínkù. Mo rò pé iṣẹ́ oko ló dí wọn lọ́wọ́. Ìgbà tó yá, Gbàgede ní tí mo bá fẹ́ kí àwọn èèyàn mi máa rí mi, kí n máa sanwó. Èèyàn tèmi! Èmi tí mo fi ẹnu ara mi pè wọ́n jọ! Ẹ wò ó ná, ẹ̀yin lẹ pe àlejò wá sí ìkómọ, onílẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹ sanwó kóun tó jẹ́ kí àwọn àlejò rí ojú yín. Mi ò san. Wọ́n tún fi ìwé ránṣẹ́, ìwé òyìnbó, gígùn bí ọ̀nà Ìwó, mi ò kà á tán, mi ò tilẹ̀ kà á bẹ̀rẹ̀. Hasanat ló kà á fún mi lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn fúnra wọn ti ṣí ìsọ̀ tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi línkì ìsọ̀ ẹlòmíràn síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi í síbẹ̀, kó lọ. Èmi wá rèé, abẹ́ gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni línkì Hasanat wà, bí ẹni pé mo to ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n!

Oko ni mo wà. Mo ṣíwọ́, mo jókòó, mo ṣí fóònù kí n rí i bóyá iṣu Sanmí ti yọ orí nínú garawa. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ojú ewé yìí kò sí mọ́. Kò sí mọ́! Kì í ṣe pé ó ṣí kúrò, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, kò sí mọ́! Mo pariwo, àwọn tó wà ní oko kejì gbé igi wá, wọ́n ní ejò dà?

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe ẹjọ́ owó ni mo wá rò. Èyí tó tọ́ sí mi, Hasanat fún mi. Kì í sì ṣe pé mo ní kí ẹnikẹ́ni má ní ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá Adégbayì ti bi mí ní ìbéèrè. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn gan-an. Ó ní, "Ọ̀gá, ewé iṣu mi ti ń pọ́n, ṣé kí n wà á?" Mo ní, "Ẹ dúró. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo tèmi, màá sọ fún yín lọ́la." Lọ́la, Bàbá! Ọ̀la ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi! Mo ní kí ó dúró! Ó ti wá dúró, ó ń ṣọ́ ẹnu mi, ikán á máa jẹ iṣu rẹ̀ nílẹ̀, á ní Lìádì ti padà di ògiri tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mi ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Mi ò mọ ilé rẹ̀. Mo wọkọ̀ lọ sí Adégbayì, mo ń bi wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́, Ànúolúwapọ̀ tó gbin iṣu sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní Ànúolúwapọ̀ mélòó ni mo fẹ́ kó? Ìjọ kan ṣoṣo wà ládùúgbò yẹn tó jẹ́ pé bí mo ṣe pe orúkọ náà, mẹ́ta ló dáhùn, ọ̀kan nínú wọn ọkùnrin ni!

Ẹ rẹ́rìn-ín ná. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó di dandan, èyí tó kù burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ronú, mo ní kí ni wọ́n ń ṣe tí onílẹ̀ bá lé èèyàn? Wọ́n ń bẹ onílẹ̀ ni! Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la bá a? Mo ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí wọn lórí fóònù, ẹ̀rọ ló ń dáhùn, ó ń sọ pé ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa. Ẹ̀rọ ò mọ ẹ̀bẹ̀. Hasanat ní òun rí àdírẹ́sì wọn nísàlẹ̀ ìwé, ilé alájà kan ní Bódìjà. Ó tán! Mo ṣa iṣu tó dáa, mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo, mo ki àkùkọ mi mọ́ abíyá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi Yésúfù, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó jẹ́ pé tó bá bẹ ẹni tó ti kú, òkú á ní kò burú. A wọ agbádá. A wọkọ̀ ní Ṣáṣá, àkùkọ ń kọ nínú ọkọ̀, àwọn èrò ń bi wá pé ṣé ìyàwó la fẹ́ lọ fẹ́ ni. Yésúfù ní rárá, ilẹ̀ la fẹ́ lọ gbà padà.

A débẹ̀, a bá bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, irùngbọ̀n funfun, jalabíà funfun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Bàbá, ẹni tó ni ilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin náà tí ẹ bá rí i, ẹ ó ní òun ni! A nà gbalaja. Pẹ̀lú agbádá, nínú eruku. Yésúfù bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín la mú wá o. Ó ṣe é, kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó fi ohun ẹlòmíràn sórí ilẹ̀ yín. Ilẹ̀ kì í ta ọmọ rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kó padà sídìí ohun tó gbìn." Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wọ èmi fúnra mi lára, omi bọ́ lójú mi. Bàbá ọ̀hún wo iṣu. Ó wo epo. Ó gba àkùkọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e wò, ó wúwo. Ó ní, "Ọlọ́run ti gbà á." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúà fún wa, àdúà tó gùn, tó débi ọmọ ọmọ, a ń ṣe àmín, àmín, àmín. A jó dé ìdí ọkọ̀. Mùjíbátù ní kí ni wọ́n sọ? Mo ní wọ́n ní ó ti gbà á!

Mo ṣí fóònù. Kò sí mọ́. Mo ní bóyá ó dàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí mọ́. Mo ní bóyá àkùkọ kan kò tó. Mo tún padà lọ, mo bá bàbá níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ̀yin ará sàárà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ará sàárà! Ó rò pé sàárà la mú wá! Máígádì ni, Bàbá! Àmárì lorúkọ rẹ̀, wọ́n gbà á pé kó máa ṣọ́ ilé. Máígádì la dọ̀bálẹ̀ fún! Máígádì ni Yésúfù da gbogbo òwe ìran wa lé lórí! Yéè, ẹ jẹ́ kí n mí. Ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ fún mi lómi.

Ẹ ṣé.

Mo wá bi í, mo ní Gbàgede ńkọ́? Àwọn tó ni Gbàgede? Ó ní, "Ta ni? Àwọn ọmọ òkè yẹn? Onílé ti lé wọn." Mo ní kí lẹ wí? Ó ní, "Onílé ti lé wọn jáde, ẹ wo àgádágodo lára ìlẹ̀kùn wọn." Mo gbójú sókè, mo rí àgádágodo. Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀tẹ́! Ayálégbé ni wọ́n! Àwọn tó lé mi, ẹnì kan lé wọn! Mo sọ ọ́ fún Hasanat, ó ní èyí tí mo fojú rí nìkan nìyẹn, ó ní ẹ̀rọ tí Gbàgede fi ń pa gbogbo ìwé wa mọ́ gan-an, wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀! Àwọn náà ń san ìṣákọ́lẹ̀! Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín ti mú mi tí kò fi mí sílẹ̀ mọ́. Tí mo bá ń kọ ebè, á dé. Tí mo bá ń kírun, á dé, àsìtàfúrúláì.

Ìyá Adégbayì? Ẹ dákun, ẹ ò gbàgbé rẹ̀! Mo fẹ́ràn yín. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Hasanat, mo ń káwọ́ lérí, Hasanat ní, "Bọ̀dá Lìádì, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ló ti ra ọkọ́ ni? Báwo lẹ ṣe rò pé ọkọ́ dé ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé mo ní nọ́ńbà rẹ̀?" Ó pè é níwájú mi. Mo gba fóònù, mo ní, "Màmá, èmi Lìádì ni, ọ̀rọ̀ iṣu yẹn, ẹ má bínú, ẹ lè wà á báyìí." Ó ní, "Iṣu wo? Mo ti wà á lọ́jọ́ kejì. Ṣé ẹ rò pé màá jókòó máa wojú yín títí ikán á fi jẹ ẹ́ tán ni?" Lọ́jọ́ kejì! Mi ò sùn, mi ò wo, mo lọ kó Ànúolúwapọ̀ mẹ́ta jọ ní ìjọ oníjọ, ó sì ti wa iṣu rẹ̀, ó ti gún un, ó ti jẹ ẹ́! Ó ní ìyẹn kọ́ ló dun òun, ohun tó dun òun ni pé kò sẹ́ni tí òun máa fi bí iṣu náà ṣe tóbi tó hàn, torí òun wá mi títí. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ti ríbi tó dáa lọ ni." Ó wá mi, Bàbá. Èmi ọkọ́ tí kò lẹ́nu, ẹnì kan jókòó sí Adégbayì, ó ń wá ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Ó dáa, mo ti ń dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí n sunkún, ẹ̀rín ló dáa.

Ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ohun tó gbé mi wá. Hasanat ti bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó rajà nípasẹ̀ mi, ó ní ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ti Lìádì, kó dáhùn. Wọ́n ń dáhùn. Kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn tó kà lásán tí wọn ò ra nǹkan ti sọ nù, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n wà. Àmọ́ Sanmí dáhùn, iṣu garawa hù! Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi báyìí, Mùjíbátù ló ń fi wọ́n pamọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Hasanat tún ní kí n ṣí ìkànnì tó máa jẹ́ orúkọ tèmi. Mo ní ṣé mi ò ní sanwó? Ó ní màá san lọ́dọọdún. Mo ní ìṣákọ́lẹ̀ náà tún nìyẹn! Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tí ibi kan bá lé mi, màá kó orúkọ mi àti ìwé mi àti èèyàn mi, màá gbé wọn lọ síbòmíràn. Ìyẹn yé mi. Ẹ̀gẹ́ nìyẹn, wọ́n á gé igi rẹ̀ lọ gbìn níbòmíràn. Kí Gbàgede mìíràn wá báyìí, màá lọ síbẹ̀, àgbàdo ni màá gbìn!

Àmọ́ àwọn èèyàn mi fẹ́ wá. Ìyá Adégbayì ní òun àti àwọn mìíràn fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, kí n fi ọwọ́ kọ́ wọn, lójú ara wọn. Wọ́n fẹ́ wá bá mi! Níbo ni màá ní kí wọ́n jókòó sí, Bàbá? Igun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, tí èkan bò, tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣe nǹkan kan. Ẹ tà á fún mi. Ẹ kọ ìwé rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbin obì kan ṣoṣo síbẹ̀, kí àwọn èèyàn mi máa jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀, kó jẹ́ pé tí mo bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní sí ẹni tó máa sọ pé igi yìí kò sí mọ́. Iṣu ìṣákọ́lẹ̀ ọdún yìí nìyí. Ewúrẹ́ nìyẹn, àsansílẹ̀ ilẹ̀ ni. Gbàgede ló gba tèmi, Gbàgede náà ni màá fi ra òmíràn!

Kí lẹ ń mi orí sí? Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ lè dá mi lóhùn báyìí.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ ní kì í ṣe tiyín? Ilẹ̀ ẹbí ni? Ẹ ní ẹ̀yin nìkan ò lè tà á? Àwọn ọmọ bàbá yín tó wà ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Ẹ ní ẹ̀yin náà, àwọn ni wọ́n ní kí ẹ máa bójú tó o? Bàbá Oyèkúnlé! Ẹ̀yin náà! Háà! Láti gbogbo ọdún yìí! Èmi lórí Gbàgede, Gbàgede nínú ilé onílé, ẹ̀yin lórí ilẹ̀ ẹbí, ṣé kò sẹ́ni tó ni nǹkan kan láyé yìí ni? Ẹ gbà mí, ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀gbẹ́ mi o! Ẹ̀yin náà ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ti ń nu ojú, kò burú, ó yá, ẹ pè wọ́n! Ẹ pe gbogbo ẹbí lọ́jọ́ Ìsinmi tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Yésúfù ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n, a ó sì kọ́kọ́ bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan kí a tó dọ̀bálẹ̀, pé èwo nínú yín ni máígádì! Mi ò ní kúrò níbí láìgba ìwé, mo sọ ọ́, mo tún un sọ, obì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbìn...

Kí ló ń dún lẹ́yìn mi yẹn?

Ó ti já okùn! Ẹ wò ó nínú ẹ̀gẹ́ yín, ó ti ń jẹ ẹ́! Gbàgede! Ìwọ Gbàgede! Kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀!